Ríìlì tó ń ké àti ríìlì tó dákẹ́: èwo ni kí n mú lọ sódò?

Ọmọ Ìlàjẹ (Peterborough)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ìdí àwọ̀n ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi àti bàbá tó bí i, etí òkun ni wọ́n ti jẹun. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ oníyẹ́ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní fly, ìlú òyìnbó ni mo ti kọ́ ọ, ọdún kejì mi nídìí rẹ̀ rèé. Adágún Rutland Water ni mo máa ń lọ jù, inú ọkọ̀ ni mo sì ti ń pẹja níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo máa ń lọ sí odò Wye ní Derbyshire, níbi tí àwọn ẹja rainbow trout ti ń bímọ fúnra wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dà wọ́n sódò.

Ríìlì tí mo ní, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń ká okùn ìwọ̀, ohùn rẹ̀ ga. Bí mo bá ń tú okùn jáde, á máa ké kẹrẹrẹrẹ. Bí mo bá ń ká a wọlé, á tún ké, ṣùgbọ́n ìyẹn rọlẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ràn ohùn yẹn gan-an. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, atẹ́gùn ti dá, ojú omi ti tẹ́ pẹrẹsẹ, àgbàlagbà kan tó wà nínú ọkọ̀ tirẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ké sí mi pé ẹ̀rọ mi ń lé ẹja sá. Ó dùn mí, torí n kì í fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ká okùn mi, mo wa ọkọ̀ padà sí èbúté.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ṣé lóòótọ́ ni ẹja ń gbọ́ ọ? Bí mo bá ra èyí tí kì í dún, ṣé ohun kan wà tí màá pàdánù? Àbí ọ̀nà wà tí mo lè gbà rọ ohùn èyí tó wà lọ́wọ́ mi? Mo ti kó £150 jọ. Bí kò bá yẹ kí n ná an, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n Rutland

Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára kí àgbà báni wí lójú omi.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń pẹja ní Rutland, ríìlì tí kì í dún ni mo sì ń lò. Nínú ọkọ̀, ọwọ́ la fi ń fa okùn. Ẹja kílò kan, kílò kan àbọ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ó fa okùn títí dé orí ríìlì kí a tó fi àwọ̀n gbé e. Iṣẹ́ tí ríìlì ń ṣe fún wa ní adágún kò ju pé kó bá wa tọ́jú okùn lọ. Kí ni màá wá fi ariwo rẹ̀ ṣe?

Ohùn kan wà tí n kò fẹ́ kó fò mí ru. Bí trout bá yọ ẹnu sókè mu kòkòrò ní àṣálẹ́, ó máa ń dún pọ́, bí ìgbà tí omi kán sínú ìkòkò. Nígbà tí ojú kò bá ríran dáadáa mọ́, etí ni mo fi ń mọ ibi tí màá ju okùn sí. Bí ríìlì bá ń ké nínú ọkọ̀ mi, n kò ní gbọ́ ọ.

Ní ti bàbá yẹn, ẹ má gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ má sì sọ pé ó ṣìwí. Nírọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn bá dá, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ omi máa ń tutù ju tòkè lọ, ìyẹn a sì máa tẹ ohùn padà wá sí ìsàlẹ̀, á wá rìn jìnnà. Ohun tó dà bí nǹkan kékeré létí yín lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní igba mítà. Ní tèmi, ẹ ra èyí tó dákẹ́.

Atúnríìlìṣe (Newcastle)

Ẹ má tíì náwó o. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi: irú ríìlì wo ló wà lọ́wọ́ yín? Orí ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

Oríṣi méjì ló wà. Nínú ti àkọ́kọ́, jíà kékeré kan wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tí okùn ń wé mọ́. Ahọ́n irin kan wà tí sípíríǹgì tì mọ́ jíà náà, òun ló ń fò láti orí eyín kan bọ́ sórí èkejì. Ohun tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. Nínú irú ríìlì yìí, ohun tó ń ké náà ni bíréèkì. Bí ẹ bá yọ ahọ́n yẹn kúrò torí pé ẹ fẹ́ ìdákẹ́, kò sí ohun tó máa dá kẹ̀kẹ́ dúró mọ́. Ẹja á fa okùn lójijì, á dúró, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò ní dúró. Á máa yí lọ, okùn á tú sílẹ̀ nínú rẹ̀, á sì lọ́ mọ́ra. Èèyàn méjì ti gbé irú rẹ̀ wá bá mi. Àwọn méjèèjì ló ti pàdánù ẹja kí wọ́n tó wá.

Ọ̀nà yìí ti pẹ́. Ilé iṣẹ́ Hardy ní Alnwick, lápá àríwá ibi tí mo ń gbé, gbé ríìlì wọn tó ń jẹ́ Perfect jáde ní 1891, ahọ́n irin àti jíà ló sì wà nínú rẹ̀. Ríìlì CFO tí ilé iṣẹ́ Orvis gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1971, ọ̀nà kan náà ni. Àwọn èèyàn ṣì ń rà wọ́n títí dòní torí pé wọ́n fúyẹ́, ohun tó lè bàjẹ́ nínú wọn kò pọ̀, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfà sẹ́yìn. Kókó ni èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Bí ẹ bá so okùn ẹnu ìwọ̀ tó tín-ín-rín bíi ti Wye, ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tí ẹja fò sá ló máa ń já. Bíréèkì tó bá lẹ̀ díẹ̀ kí ó tó yí, ó ti já a nìyẹn.

Oríṣi kejì ni ti díìsì. Bíi bíréèkì mọ́tò ló rí: díìsì ń fún ara wọn, ẹ sì lè yí kókó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kó le tàbí kó dẹ̀. Díìsì kì í dún fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn nínú irú èyí, àwọn tó ṣe é ló dìídì fi sípíríǹgì kékeré kan sí i kí ó lè máa dún. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ẹ lè yọ ohun tó ń dún yẹn, bíréèkì kò sì ní mọ̀ pé ẹ yọ nǹkan kan.

Ẹ yọ kẹ̀kẹ́ náà jáde kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí irin kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan tàbí méjì tí sípíríǹgì ń tì, ti àkọ́kọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ àgbá kékeré tí wọ́n dé pa ló wà láàárín, ti díìsì ni.

Ìyá Ìbejì (Atlanta)

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Èmi kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ohùn ríìlì mi.

Odò Chattahoochee ni mo ti ń pẹja, nísàlẹ̀ Buford Dam, ìdènà tó dá omi adágún dúró. Ìsàlẹ̀ adágún ni omi tó ń jáde níbẹ̀ ti ń wá, ìdí nìyẹn tó fi tutù tó bẹ́ẹ̀ tí trout fi lè gbé inú rẹ̀ nínú ooru Georgia. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣí omi sílẹ̀, fèrè á ké, kíá ni ẹni tó wà nínú odò gbọ́dọ̀ jáde. Torí náà, mo mọ ohun tí etí ń ṣe fún èèyàn lódò. Ìdí rẹ̀ gan-an ni mo fi fẹ́ kí ríìlì mi máa sọ̀rọ̀.

Bí ẹja ńlá bá gbé ìwọ̀, ojú mi gbọ́dọ̀ wà lára ẹja àti lára àwọn igi tó ti wó sínú omi. N kò ráyè wo ọwọ́ mi. Ní oṣù kẹta, brown trout kan gbé fly mi, ó sì kọrí sábẹ́ igi kan tó wó. Ríìlì ń ké ràràrà. Lẹ́yìn náà ohùn náà falẹ̀, kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ó wá dákẹ́. Kí okùn tó dẹ̀ lójú mi ni mo ti mọ̀ pé ẹja ti yí orí padà, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Mo ká okùn kíákíá, mo ń fẹ̀yìn rìn lọ sí bèbè. Ká ní ríìlì tí kì í dún ni, ìgbà tí okùn bá ti dẹ̀ tán ni màá tó mọ̀, ìwọ̀ á sì ti yọ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Rutland, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa ohùn ẹja nírọ̀lẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ríìlì kì í ké nígbà tí a kò bá fà á. Ẹ tú okùn tí ẹ fẹ́ lò kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ní sọ ohunkóhun títí ẹja á fi dé.

Ẹ̀gbọ́n Rutland

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ti títú okùn kalẹ̀ ṣáájú yẹn, mo gbà á wọlé. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, a máa ń ká okùn wọlé ní gbogbo ìgbà tí a bá ń kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn, àwọn mìíràn sì ti jókòó sítòsí wa. Inú odò tó ń ṣàn ni ẹ wà, omi fúnra rẹ̀ ń pariwo. Adágún kò rí bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Físíìsì (Sheffield)

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí tó jẹ mọ́ iṣẹ́ mi: ṣé ẹja ń gbọ́ ọ?

Díẹ̀ gan-an ni. Nínú agbára ohùn tó bá ti inú afẹ́fẹ́ bọ́ lu ojú omi, nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ló ń wọlé. Ìyókù ń ta padà sókè. Ìdí rẹ̀ ni pé omi wúwo púpọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ohùn sì ń yára rìn nínú rẹ̀ jù: mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́, nǹkan bíi mítà 1,480 nínú omi. Ohùn tó bá ń ti inú ọ̀kan bọ̀ sínú èkejì bá ẹnu ọ̀nà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa. Nítorí náà, ríìlì tó ń ké lọ́wọ́ yín lókè omi kò ká ẹja lára tó bí bàbá yẹn ṣe rò.

Ohun tí ẹja ń mọ̀ dáadáa ni ohun tó bá gba ara nǹkan líle wọ inú omi. Ẹja ní ìlà kan ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ méjèèjì, èyí tó fi ń mọ ìmìtìtì omi tó wà nítòsí, ó sì tún ní etí nínú orí. Bàtà tó ń họ òkúta ìsàlẹ̀ odò, àpótí tó já bọ́ sílẹ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ tó ń kilẹ̀ ní bèbè, gbogbo ìwọ̀nyí ń wọlé ní tààràtà. Bí ẹ bá gbé ìdí ríìlì lé pákó ọkọ̀ tí ẹ sì ń fa okùn jáde nínú rẹ̀, ìyẹn ti yàtọ̀, torí pé pákó á gbé ìmìtìtì náà lọ sínú omi. Ẹ gbé ọ̀pá sókè lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń tú okùn, ìyẹn ti parí.

Ohun mìíràn wà tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ, òun sì ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn ríìlì yẹn ní ìtumọ̀ tí a lè kà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bí kẹ̀kẹ́ bá kún fún okùn, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7 láti etí kan dé èkejì, yíyí kan á tú okùn sẹ̀ǹtímítà 22. Bí ẹja bá ń sá lọ ní mítà 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kẹ̀kẹ́ á yí bí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Bí jíà bá ní eyín 30, ahọ́n irin á bọ́ sórí eyín nǹkan bí ìgbà 270 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn. Etí kò lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́, ó ti di ohùn orin: ó sún mọ́ dò tó wà láàárín dùùrù, èyí tó jẹ́ ìgbà 262 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ wá wò ó bí okùn ṣe ń tán lórí kẹ̀kẹ́. Bí ó bá ku sẹ̀ǹtímítà 4 ní fífẹ̀, tí eré ẹja náà kò sì yí padà, kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ yí bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn á gòkè dé nǹkan bíi 480. Bí ẹni ń fún ọsán gángan ni: bí a bá ti fún un tó ni ohùn ṣe ń lọ sókè. Bí ohùn bá ń gòkè, ó lè jẹ́ pé ẹja ń sáré sí i, ó sì lè jẹ́ pé okùn ń tán. Ní ọ̀nà méjèèjì, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ. Bíréèkì tí ẹ kò fọwọ́ kàn náà ń le sí i fúnra rẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń kéré, torí pé ibi tí okùn ti ń fà á ti sún mọ́ àárín. Láti 7 sí 4, ohun tí okùn ẹnu ìwọ̀ ń rù á di ìlọ́po 1.75. Nígbà tí ohùn bá gòkè, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò létí kẹ̀kẹ́.

Ìyá Ìbejì (Atlanta)

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọdún mélòó ni mo ti ń ṣe èyí tí ẹ sọ yìí láìmọ ìdí rẹ̀! Bí ohùn bá ti ga, ọwọ́ mi a ti kúrò níbẹ̀.

Ọmọ Ìlàjẹ (Peterborough)

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín pátá. Mo ti yọ ọ́ wò. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì ló wà níbẹ̀, sípíríǹgì sì ti àwọn méjèèjì mọ́ jíà. Kókó kékeré kan wà lẹ́yìn tí mo lè yí díẹ̀. Ṣé ti àkọ́kọ́ nìyẹn? Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo lè ṣe sí i?

Atúnríìlìṣe (Newcastle)

Ti àkọ́kọ́ ni, ẹ má yọ ọ́ dànù.

Ẹ fi ọṣẹ ìfọwọ́ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ gíríìsì àtijọ́ kúrò lára jíà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ṣe é, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ẹ fi igi ìṣáná mú gíríìsì díẹ̀, ẹ fi pa orí eyín jíà àti ẹnu ahọ́n irin. Kó má pọ̀. Bí ó bá pọ̀, iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn, iyanrìn ló sì ń jẹ eyín jíà. Ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀, á nípọn, kò ní máa ha mọ́. Bí ẹ bá lo òróró ẹ̀rọ tó ṣàn bí omi, ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀, torí pé kì í dúró lójú eyín.

Ṣé ahọ́n méjèèjì ló ń kan jíà? Nínú ọ̀pọ̀ ríìlì tí wọ́n ṣe ní ọ̀nà yìí, ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ kó máa ṣiṣẹ́, èkejì wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń fi ọwọ́ kejì ká okùn tàbí fún ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá jẹ. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ní in ṣáájú yín ló fi méjèèjì sí i. Ẹ dá ọ̀kan padà sẹ́yìn kí ó má kan jíà mọ́, ẹ wá fi ọwọ́ fa okùn. Bí kẹ̀kẹ́ bá ṣì ń dúró nígbà tí ẹ bá dá ọwọ́ dúró, ó tó. Bí ó bá ń yí kọjá, ẹ fi kókó ẹ̀yìn yẹn mú un le díẹ̀.

Ẹ ní tí ẹ bá ń ká a wọlé ohùn rẹ̀ máa ń rọlẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ahọ́n náà gbọ́dọ̀ mú ju èkejì lọ, kí ó lè le nígbà tí okùn ń jáde, kó dẹ̀ nígbà tó ń wọlé. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń le nígbà tó ń ká a wọlé, òdìkejì ló fi ahọ́n rẹ̀ sí.

Ará Galveston (Texas)

Ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ kò tíì jẹ yọ, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Redfish ni mo ń pa létí òkun Texas, nínú omi tí kò ju orúnkún lọ, níbi tí ẹ̀yìn ẹja ti máa ń yọ síta lójú yín. Ẹja yẹn ń bẹ̀rù. Ohun tí Olùkọ́ sọ nípa pákó ọkọ̀, ọ̀nà tó le ni mo fi kọ́ ọ. Kí ọkọ̀ mi tó wọ ibi tí ẹja wà ni mo máa ń tú okùn tí mo fẹ́ lò jáde, màá wá tò ó sínú garawa.

Mo lo ríìlì oníjíà ní oṣù mélòó kan nínú omi iyọ̀. N kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó ṣe bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ jẹ sípíríǹgì. Mo ra ti díìsì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọn kò dé ìdí rẹ̀ pa dáadáa, omi wọ inú rẹ̀, iyọ̀ sì gbẹ síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ẹja kan gbé e, n kò gbọ́ ohunkóhun, ọ̀pá kàn tẹ̀, okùn já. Láti ìgbà náà, kí n tó gbéra nílé, mo máa ń fi ọwọ́ fa okùn láti inú ríìlì nígbà mẹ́ta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń lẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bá dé, omi tí kò níyọ̀ ni mo fi ń ṣàn án, kì í ṣe omi tó ń fi agbára tú jáde, torí ìyẹn lè ti iyọ̀ wọlé sí i.

Èyí tí mo wá ń lò báyìí, díìsì tí wọ́n dé pa ni. Ó ń dún nígbà tí okùn bá ń jáde, kì í dún nígbà tí mo bá ń ká a. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ohùn ìjáde ni ọ̀rọ̀ tó wúlò, ohùn ìwọlé kò sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi, èmi fúnra mi ni mo ń ká a.

Bàbá Àgbà (Perth, Scotland)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ etí. Ọdún kẹfà rèé tí etí ọ̀tún mi kò gbọ́ràn mọ́, tòsì náà kò sì gbọ́ ohùn tó bá lọ sókè. Odò Tay ni mo ti ń wá salmon, pẹ̀lú ọ̀pá tí a fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Ìgbà tí etí mi kọ́kọ́ ń bàjẹ́, ọmọ mi ra ríìlì olówó ńlá kan fún mi, díìsì ni, kì í dún rárá, ó sì dán bíi wúrà. Mo lò ó fún sáà kan. Mo dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò lójú. Omi Tay tóbi, ó ń ti okùn, n kò mọ̀gbà tí omi ń fà á àti ìgbà tí ẹja ń fà á.

Mo padà sí ríìlì oníjíà mi àtijọ́. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ lọ́wọ́. Ahọ́n irin yẹn ń lu jíà, ìlù náà ń gba ìdí ọ̀pá wọ àtẹ́lẹwọ́ mi. Bí salmon bá gbé e, kì í kọ́kọ́ sáré. Á fà á díẹ̀díẹ̀, kẹ́, kẹ́. Ọwọ́ mi á dúró jẹ́ẹ́, n kò ní gbé ọ̀pá sókè. Bí ó bá wá yí padà tó ń fà á lọ, ìka ọwọ́ mi yóò gbọ́ bí ìlù náà ṣe ń yára, ìgbà yẹn ni màá tó gbé e.

Nítorí náà, ọmọ Ìlàjẹ, kí ẹ tó ta èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi òwú dí etí yín ní ọjọ́ kan, kí ẹ pẹja bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é ní bèbè odò, kì í ṣe nínú ọkọ̀. Ẹ wo ohun tí ọwọ́ yín máa sọ fún yín.

Ọmọ Ìlàjẹ (Peterborough)

Bàbá, ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Olúwa á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì mo fọ jíà, mo fi gíríìsì pa á, mo dá ahọ́n kan padà sẹ́yìn. Ohùn tó ń ha tẹ́lẹ̀ ti di ohùn tó rẹlẹ̀, tó nípọn. Ìyàwó mi tó wà ní yàrá kejì ní òun kò gbọ́ ọ mọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo lọ sí Wye. Mo fi òwú dí etí bí Bàbá ṣe wí, mo sì dúró sí bèbè. Ẹja mẹ́ta ni mo mú, mo dá gbogbo wọn padà sódò. Méjì àkọ́kọ́ kéré, wọn kò fa ríìlì rárá. Ẹ̀kẹta sá gba abẹ́ afárá lọ, mo sì gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi! Mo mọ ìgbà tó falẹ̀. Mo mọ ìgbà tó yí padà. N kò mọ̀ pé ọwọ́ mi lè gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lánàá mo padà sí Rutland. Mo tú okùn jáde ní èbúté kí n tó wa ọkọ̀ lọ, mo sì ń fi ọwọ́ ká okùn sílẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí mo bá ń kúrò níbì kan, dípò kí n máa fi ríìlì ká a. Bàbá tó bá mi wí lọ́jọ́sí wà níbẹ̀. Mo kí i, mo ṣàlàyé ohun tí mo ṣe sí ríìlì náà, mo gbé e fún un kí ó fà á wò. Ó fi etí sún mọ́ ọn, ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì bi mí irú gíríìsì tí mo lò.

£150 yẹn ṣì wà nílẹ̀. Ará Galveston, bí àyè bá yọ, mo fẹ́ lọ wá bass létí òkun Norfolk nígbà ooru, omi iyọ̀ ni. Ṣé ẹ lè sọ fún mi bí ẹ ṣe ń mọ̀ pé wọ́n dé díìsì pa dáadáa kí ẹ tó sanwó?

Ará Galveston (Texas)

Ẹ kú oríire ẹja Wye. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ kẹ̀kẹ́ jáde. Bí ẹ bá rí díìsì tàbí kọ́ọ̀kì níta gbangba, wọn kò dé e pa nìyẹn, omi á wọlé. Ó yẹ kí àgbá àárín jẹ́ odidi, kí òrùka rọ́bà sì wà ní ìdí irin tí kẹ̀kẹ́ ń bọ́ sí. Ẹ fi bíréèkì sí ibi tó dẹ̀ jù, ẹ fi ìka méjì fa okùn pẹ̀lẹ́. Bí ó bá fò kí ó tó yí, ẹ dá a padà fún wọn. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ.

Ìyá Ìbejì (Atlanta)

Ẹ bá mi fi fọ́tò bass yẹn síbí tí ẹ bá ti mú un.